Ojú Abẹ́rẹ́ àti Ojú Ẹni Ogójì Ọdún

Lọ́dún 2013, èmi ni mo sọ bàbá àgbà kan di oko nínú ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ olóògbé kọ ránṣẹ́ ni pé bàbá àwọn jẹ́ ọkọ rere fún ìyá àwọn fún ọdún 51. Ohun tó jáde láti ilé ìtẹ̀wé ni pé bàbá jẹ́ oko rere. Ẹ̀dà 800. Àmì méjì péré tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà méjì ló sọnù, ni ọkọ tó dúró ti ìyàwó rẹ̀ títí dọjọ́ ikú bá di ibi tí wọ́n ń kọ ebè sí. Àkọ́bí wọn pè mí lórí fóònù. Kò bú mi. Ẹ̀rín ló ń rín, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ìwé Yorùbá kó tó dé orí ẹ̀rọ, kí n wo àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀, kí n fi bírò pupa tọ́ka sí èyí tó bá ṣìnà. Nítorí náà, ẹni tí mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi ni ọmọ tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mo ti ń gbaná jẹ kó tó mú ìwé tí mo fọwọ́ sí jáde. "Oko" wà níbẹ̀ gbangba, bírò pupa mi kò sì dé ibẹ̀. Mo gbé ìwé náà lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo sún un síwájú, mo sún un sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń gbé gbogbo ìwé lọ sẹ́nu ọ̀nà kí n tó kà á. Ọmọ ọdún 44 ni mí. Mò ń ka orúkọ tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀sì ní òdìkejì títì láì fojú ṣẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni mi ò rí.

Àwọn àmì ìsàlẹ̀ yìí kì í ṣe ohun tó wà tẹ́lẹ̀ o, àwọn kan ló jókòó tí wọ́n fẹnu kò lé wọn lórí. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Karl Richard Lepsius, tẹ ìwé jáde lọ́dún 1855 nípa bí èèyàn ṣe lè fi irú lẹ́tà kan náà kọ onírúurú èdè. Ọgbọ́n fífi àmì sísàlẹ̀ lẹ́tà wà nínú ètò rẹ̀. Lọ́dún 1875, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ míṣọ́nárì CMS pàdé ní Èkó láti fìdí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá múlẹ̀. Crowther ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà yẹn. Ó máa ń ṣe mí bíi pé ọ̀dọ́mọdé kan ló ń bá wọn mú gègé lọ́jọ́ náà, torí mi ò mọ àgbàlagbà tó máa fi ojú ara rẹ̀ yan àmì tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ojú wa yìí kò dúró de ìwé. Abẹ́rẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀.

Ìyá mi ń ránṣọ ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Máṣíìnì Singer aláfọwọ́yí ló kọ́kọ́ ní, kó tó ra ẹlẹ́sẹ̀. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, kí n tó bọ́ yunifọ́ọ̀mù, mo ti máa gbọ́: "Àkànní, wá bá mi ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ yìí." Wọ́n á ti fi eyín gé ẹnu òwú, wọ́n á ti fi itọ́ lọ́ ọ títí á fi rí ṣóńṣó, wọ́n á ti kì í lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń gbà kọjá. Èmi á gbà á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti wọlé. Wọ́n á ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè, wọ́n á sì fún mi ní àkàrà. Mo rò pé iṣẹ́ ọmọ ni, bíi kéèyàn lọ pọnmi. Kò sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ládùúgbò wa tí kò ní ọmọ tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ìtọ́jú ojú tí a ní nìyẹn: ojú ọmọ.

Aṣọ dúdú ló kọ́kọ́ kọ̀ fún wọn. Òwú dúdú lórí aṣọ dúdú, lábẹ́ iná tó ń tàn tó ń kú. Oníbàárà kan gbé léèsì dúdú padà wá, ó ní ọrùn bùbá òun wọ́. Wọ́n tú u, wọ́n tún un rán, ó tún wọ́. Nígbà tí wọ́n tú u lẹ́ẹ̀kẹta, aṣọ náà ti ń ya. Lọ́dún 1988, wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta èlùbọ́. Ọmọ ọdún 49 ni wọ́n. Wọ́n ń sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ̀yìn ló ń dun àwọn. Àwọn kan láàárín ọjà ní ayé ló fọwọ́ bà wọ́n lójú, kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe sí i. Máṣíìnì náà di ohun tí a ń gbé rédíò lé.

Ohun tó ṣe ìyá mi ló ṣe mí, òun ló sì ń ṣe gbogbo ẹni tó bá ti ń lé ní ogójì ọdún. Lẹ́yìn ihò dúdú tó wà láàárín ẹyinjú, lẹ́ǹsì kan wà níbẹ̀ tó mọ́ gaara. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ó rọ̀. Bí a bá fẹ́ wo nǹkan tó sún mọ́ wa, iṣan tó yí i ká á jẹ́ kó yọ ikùn láàárín. Bí a bá gbójú sókè wo ọ̀nà jíjìn, á tún tẹ́. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ló ń le sí i, bí ẹ̀kọ tó dì mọ́jú. Iṣan ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, lẹ́ǹsì ni kò gbà mọ́. Kì í ṣe àrùn, kì í ṣe ayé, kò sì sí ẹni tó ń yẹ̀ sílẹ̀ fún. Ẹni tí kì í rí ọ̀nà jíjìn láti kékeré lè bọ́ awò tirẹ̀ sílẹ̀ kó sì kàwé tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, àmọ́ lẹ́ǹsì inú ojú tirẹ̀ náà ti le.

Thomas Young, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló fi ẹ̀rí hàn lọ́dún 1801 pé lẹ́ǹsì yìí ló ń yí ara padà nígbà tí a bá ń wo ìtòsí. Lọ́dún 1864, Franciscus Donders, ará ìlú Utrecht ní ilẹ̀ Netherlands, kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà jọ sínú ìwé ńlá kan. Ohun tó ya èmi lẹ́nu ni pé nígbà tí Young máa fi mọ ohun tó ń ṣe ojú àgbà, oògùn rẹ̀ ti wà lọ́jà fún ohun tó lé ní 500 ọdún.

Ilẹ̀ Ítálì ni awò ojú ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1306, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Giordano da Rivalto ń wàásù ní ìlú Florence. Ó ní kò tíì pé 20 ọdún tí wọ́n rí ọgbọ́n ṣíṣe awò ojú, pé òun fúnra òun rí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é, àwọn sì jọ sọ̀rọ̀. Kò dárúkọ ẹni náà! Orúkọ kan ṣoṣo, kò ná an ní nǹkan kan, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ti ń fapá jánú nítorí rẹ̀ láti ìgbà náà. Ṣírò ọdún tó wí yìí ló gbé wa dé nǹkan bí 1286.

Èkejì tó bá wa sọ̀rọ̀ ni ìwé ìtàn ilé àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Dominic ní ìlú Pisa. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn, Alessandro della Spina, tó kú lọ́dún 1313, lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohunkóhun tó bá ti fojú rí. Ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ ṣe awò ojú, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n ṣe. Alessandro wò ó, ó lọ ṣe tirẹ̀, ó wá fi tayọ̀tayọ̀ kọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ tiwa, mo mọ àwọn ọ̀gá tí wọ́n gbé ọgbọ́n tiwọn wọ sàréè.

Nígbà tó di ọdún 1684, ará Florence kan kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ ìlú òun, Salvino degli Armati, ló dá awò ojú sílẹ̀. Wọ́n gbà á gbọ́ débi pé wọ́n fi òkúta ìrántí rẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó di ọ̀rúndún ogún kí àwọn onímọ̀ ìtàn tó fi hàn pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa: ẹ ṣáà lọ béèrè ẹni tó tẹ ìlú kan dó lọ́wọ́ ìdílé méjì.

Báwo ni awò náà ṣe rí? Gíláàsì róbótó méjì, tó yọ ikùn láàárín tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ létí, tí wọ́n fi igi tàbí egungun yí ká. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdìmú kékeré, wọ́n wá fi ìṣó kan àwọn ìdìmú méjèèjì pọ̀ bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Orí imú ni wọ́n ń há a mọ́. Kò ní apá, kò ní ohun tó ń kọ́ etí. Béèyàn bá sín, ó ti bọ́ sílẹ̀. Gíláàsì tó mọ́ ni gbogbo rẹ̀ sì dúró lé, ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe jù ni Venice, tí wọ́n kó àwọn iléru rẹ̀ lọ sí erékùṣù Murano lọ́dún 1291 nítorí ìbẹ̀rù iná. Lọ́dún 1300, ẹgbẹ́ àwọn oníkírísítálì ibẹ̀ ti ń ṣòfin pé kí ọmọ ẹgbẹ́ má ṣe ta gíláàsì lásán fún èèyàn lórúkọ kírísítálì. Ọjà ayédèrú ti wọ iṣẹ́ náà kó tó pé 20 ọdún.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé gíláàsì tó yọ ikùn láàárín, ojú tó ti dàgbà ló wà fún. Ó lé ní 100 ọdún kí wọ́n tó máa ṣe èyí tó jin ikùn, tó wà fún ẹni tí kì í rí ọ̀nà jíjìn. Awò ojú àkọ́kọ́ tí aráyé ṣe, ẹni ogójì ọdún ni wọ́n ṣe é fún. Alágbẹ̀dẹ góòlù, agbẹ́gilére, aránṣọ, akọ̀wé: ẹni tó ti mọ iṣẹ́ dunjú tí ojú wá fẹ́ já a kulẹ̀.

Báwo ló wá ṣe di ti oníwèé nìkan? Mo lérò pé ayàwòrán kan lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Lọ́dún 1352, Tommaso da Modena ya àwọn gbajúmọ̀ ẹgbẹ́ Dominic sára ògiri yàrá ìpàdé wọn ní ìlú Treviso. Ó ya Kádínà Hugh ti Saint-Cher níbi tó ti ń kọ̀wé, ó sì gbé awò lé e nímú. Kò tíì sí àwòrán tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí tí awò ojú hàn nínú rẹ̀ nínú gbogbo èyí tí a mọ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé Kádínà Hugh kú lọ́dún 1263, ó ju 20 ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe awò ojú. Tommaso kò wo ojú bàbá. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀mọ̀wé nìyí. Àwọn ayàwòrán tó tẹ̀ lé e sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé awò sójú àwọn ẹni mímọ́ tí kò fojú kàn án rí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé méjì tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìtàn yìí hàn yín. Lọ́dún 1462, Francesco Sforza, olórí ìlú Milan, kọ̀wé sí ikọ̀ rẹ̀ ní Florence pé kó ra awò ojú dọ́sìnì mẹ́ta ránṣẹ́: dọ́sìnì kan tó dára fún ọ̀nà jíjìn, dọ́sìnì kan tó dára fún ìtòsí, ìyẹn fún àwọn àgbà, àti dọ́sìnì kan fún ojú lásán. Ní 1466, ọmọ rẹ̀, Galeazzo Maria, tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, ránṣẹ́ ra 200. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi pín wọn: ti ẹni 30, ti ẹni 35, ti ẹni 40, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi márùn-ún márùn-ún gòkè títí dé 70. Èyí pa mí lẹ́rìn-ín, torí bí a ṣe ń ra ṣòkòtò ọmọ ní ọjà Gbági náà nìyẹn: "Ti ọmọ ọdún mélòó lẹ fẹ́?" Ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀ ló ṣe é. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Florence ti mọ̀, láìsí dókítà, láìsí ìwé kankan, pé ojú ẹni 45 kì í ṣe ojú ẹni 60, wọ́n sì mọ ìwọ̀n tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu.

Apá tí awò fi ń kọ́ etí kò dé títí di nǹkan bí 1727, tí Edward Scarlett ń tà á ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ronú rẹ̀ wò: ó ju 400 ọdún lọ kí wọ́n tó rántí pé èèyàn ní etí!

Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà, ti ré kọjá ẹni 70 nígbà tó ń ṣojú ìjọba rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Awò méjì ló máa ń gbé kiri, ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n gé gíláàsì méjèèjì sí méjì, kí wọ́n to ìlàjì-ìlàjì wọn sínú férémù kan, ti ọ̀nà jíjìn lókè, ti ìwé nísàlẹ̀. Nínú lẹ́tà tó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1785, ó ṣàlàyé àǹfààní kan tí mi ò rò rí: nídìí oúnjẹ, ó ń rí ohun tó ń jẹ, ó sì tún ń rí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lódìkejì tábìlì. Èdè Faransé kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ó bá rí bí ẹnu ṣe ń ṣe, ó ń gbọ́ èdè náà dáadáa sí i. Awò ojú tó ń ran etí lọ́wọ́.

Nọ́ḿbà tó wà lára sítíkà awò tí wọ́n ń tà lọ́jà náà ní ìtàn tirẹ̀. Dókítà ojú kan ní Faransé, Ferdinand Monoyer, ló gbé ìwọ̀n náà kalẹ̀ lọ́dún 1872. Ẹ lè dán an wò nílé: ẹ gbé awò tí wọ́n kọ +2.00 sí lára síwájú oòrùn, kí ẹ sì gbé ìwé funfun sẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti máa kóra jọ di ojúkan ṣóńṣó á jìnnà sí gíláàsì náà ní ìdajì mítà. Ti +1.00, odindi mítà kan. Bí nọ́ḿbà ṣe ń ga ni ó ń sún mọ́ ọn.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìwé ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé gbangba. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lóṣù Kejìlá ọdún 1859, àti odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde lọ́dún 1884, sọ ojú di irinṣẹ́ fún àgbàlagbà tí kò fi nǹkan kan kàwé rí. Nígbà tí mo máa dáyé, awò ojú ti di àmì akọ̀wé: tíṣà, katikíìsì, lọ́yà. Èyí tó sì lókìkí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni awò róbótó Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1954. Awò Awo! Fìlà rẹ̀ àti awò rẹ̀ nìkan ti tó, kò sí ẹni tó ń béèrè orúkọ. Ó wà lórí owó náírà 100 títí dòní. Àwa ọmọdé máa ń fi pòròpòrò hun tiwa, a ó gbé e sójú, a ó sì máa sọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò sí nínú ìwé kankan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí lára ìyá mi nìyẹn. Ọ̀rẹ́ wọn kan, aránṣọ bíi tiwọn, rí awò ojú kan gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ó gbé e sójú jókòó ti máṣíìnì. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ọjà ti ń kí i pé "Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o!" Àwọn àgbà kan tún ní àfojúdi ni kéèyàn fi gíláàsì bo ojú kó máa wo àwọn. Ó bọ́ ọ. Ìyá mi, tí kò ka ìwé kọjá Sítáńdáàdì Kejì, kò tilẹ̀ dán an wò. Kádínà Treviso ni wọ́n rí, wọn kò rí alágbẹ̀dẹ góòlù Florence.

Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí pọ̀ ju ti ayé wọn lọ. Ìlà tó máa ń hàn láàárín awò Franklin kò sí mọ́ lára èyí tí Bernard Maitenaz, ẹnjiníà ará Faransé tí bàbá rẹ̀ ń lo irú ti Franklin, ṣe jáde ní Páríìsì lọ́dún 1959: òkè rẹ̀ wà fún ọ̀nà, ìsàlẹ̀ fún ìwé, àárín wọn ń yí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Varilux. Mo ra irú rẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kejì, mo fi ìsàlẹ̀ awò wo àtẹ̀gùn ilé ìjọsìn, àtẹ̀gùn náà wú sí mi, mo sì tẹ ibi tí kò sí nǹkan. Orúnkún mi kò gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ojú fi ń kọ́ ọ: orí lèèyàn ń yí, kì í ṣe ẹyinjú. Lẹ́ǹsì rírọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú wà, tí Otto Wichterle fi ohun ìṣeré ọmọdé kan ẹ̀rọ rẹ̀ nílé ní Prague nígbà Kérésìmesì ọdún 1961. Àwọn kan ń lo ti ọ̀nà jíjìn lójú kan, ti ìtòsí lójú kejì, ọpọlọ á sì yan èyí tó bá fẹ́. Iṣẹ́ abẹ wà. Ẹ̀kán ojú wà pàápàá, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2021, tó ń mú kí ihò ojú kéré fún wákàtí mélòó kan, bí ìgbà tí èèyàn ń yọjú láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Èmi ò sún mọ́ ìyẹn. Ní ọjọ́ orí mi, gíláàsì méjì tó wà níwájú imú ti tó mi.

Àwọn tó ń ta awò ojú láàárín gó-sìlóò àti ní Dùgbẹ̀, mi ò ní bá wọn jà. Ẹni tí kò ní nǹkan kan, +1.50 tí wọ́n ń tà níbẹ̀ sàn fún un ju ẹnu ọ̀nà tí mo máa ń gbé ìwé lọ tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi sójú méjèèjì, ojú ẹlòmíràn sì yàtọ̀ sí ara wọn. Ìdí kejì ló ń bà mí lẹ́rù. Ìwádìí ojú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú 100 ẹni tó ti pé ogójì ọdún, bíi márùn-ún ló ní gùlàkómà, àìsàn tó ń ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́. Kì í dun èèyàn, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀. Etí ló ti ń jẹ ìríran bọ̀ sáàárín, ohun tó bá sì ti jẹ, kò ní dá a padà. Ẹni tó ń tajà láàárín ọkọ̀ kò lè rí ìyẹn. Ọjọ́ tí ẹ bá lọ wọn ojú fún awò ni wọ́n lè rí i.

Àjọ ìlera àgbáyé ní èèyàn mílíọ̀nù 826 ni kò rí ìtòsí dáadáa nítorí ọjọ́ orí, tí wọn kò sì ní awò. Lọ́dún 2024, àwọn olùwádìí gbé èsì kan jáde láti ìgbèríko Bangladesh. Wọ́n kó èèyàn 824 jọ, ọmọ ọdún 35 sí 65, tí iṣẹ́ wọn ń béèrè ojú: aránṣọ wà nínú wọn, ahunṣọ wà nínú wọn. Wọ́n fún ìlàjì wọn ní awò ìtòsí lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní kí ìyókù dúró ná. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, owó tí àwọn tó gba awò ń pa lóṣù fi ìdá 33.4 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò gbà lọ. Nígbà tí mo ka èsì náà, ọdún 1988 ni mo rántí, àti léèsì dúdú.

Ọ̀rọ̀ "oko rere" yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ awọnjú lọ́dún 2013. Mo mú ìyá mi dání. Ọmọ ọdún 74 ni wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ ní ojú àwọn kò ní nǹkan kan, pé ẹ̀yìn ni. Ẹni tó ń wọn ojú náà, obìnrin tí kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ń kúnlẹ̀ kí wọn ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ pààrọ̀ gíláàsì, ìyẹn sì ni wọ́n fi gbà á láàyè. Ó fún èmi ní +1.50, ó fún àwọn ní +3.00.

Nígbà tí a délé, wọn kò wo Bíbélì, wọn kò wo fóònù. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé agolo bisikíìtì tí wọ́n ń kó òwú sí jáde lábẹ́ ibùsùn. Wọ́n fa òwú dúdú yọ. Wọ́n fi eyín gé e, wọ́n fi itọ́ lọ́ ọ bí ọjọ́ ti pẹ́ tó. Mo na ọwọ́ láti gbà á, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n fa òwú náà jáde, wọ́n tún kì í bọ̀ ọ́. Wọ́n wá béèrè iye tí mo san. Mo sọ ọ́. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń ṣí ìka ọwọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí oníbàárà bá ń ná wọn lówó, wọ́n ní iye tí àwọn aránṣọ Òkè-Àdó ń gbà rán bùbá méjì nìyẹn.